Ibòòji Ni Ká Sá Wọn Sí: Sányán àti Aṣọ Ìlúwẹ̀ẹ́ Nínú Oòrùn Ṣakí

Nígbà tí ọyẹ́ bá wọ ìlú Ṣakí, kò sí iṣẹ́ ilé tó rọrùn tó aṣọ gbígbẹ. Èyí tí wọ́n sá sórí okùn láàárọ̀ ti gbẹ kí ìyálẹ̀ta tó kọjá, kódà aṣọ tó nípọn kì í rí ìrọ̀lẹ́. Ìrọ̀rùn yìí gan-an ló ń ba aṣọ wa jẹ́. A ti gbà pé oòrùn ni ọ̀rẹ́ aṣọ tútù, pé ohun tí oòrùn bá gbẹ ti mọ́, pé kòkòrò inú rẹ̀ ti kú, òórùn rẹ̀ sì ti lọ. Òtítọ́ wà nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rọra wo àwọn okùn ìsáṣọ tó wà ní agbolé wa, láti ìsàlẹ̀ Òkè Àsabàrí títí dé àwọn ilé tuntun tó wà lẹ́yìn ìlú, yóò rí i pé ọ̀pọ̀ aṣọ tí à ń sọ pé ó ti gbó kò tíì gbó. Oòrùn ló jẹ ẹ́ kí ẹni tó ni ín tó wọ̀ ọ́ tẹ́rùn.

Aṣọ méjì ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé, àwọn méjì tí a kì í sábà dárúkọ pọ̀. Èkíní ni sányán, tí àwọn àgbà ń pè ní baba aṣọ. Èkejì ni aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́, èyí tó ń fà tó sì ń padà sí ààyè rẹ̀, tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣà nínú báálì òkìrìkà tàbí tí wọ́n ń rà ní titun ní Ìbàdàn àti Èkó. Ọ̀kan jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ìran wa, èkejì jẹ́ iṣẹ́ ilé ẹ̀rọ. Síbẹ̀ èèwọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Àwọn méjèèjì kórìíra oòrùn ọ̀sán, wọ́n kórìíra áyọ́ọ̀nù gbígbóná, wọ́n kórìíra omi Hypo, wọn kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún wọn lọ́rùn kí omi tó kán tán lára wọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo sányán. Kòkòrò kan tó wà lórí igi ló ń pa fọ́nrán rẹ̀. Anaphe ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é. Ẹ̀yà rẹ̀ kan, Anaphe moloneyi, ń jẹ́ orúkọ Alfred Moloney tó jẹ́ gómìnà Èkó lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ìparí àwọn ọdún 1880. Àwọn kòkòrò yìí kì í dá ilé kọ́. Ṣe ni wọ́n ń kóra jọ, tí wọ́n á jọ hun ilé ńlá kan sára ẹ̀ka igi. Àwọn ènìyàn á já ilé yìí, wọ́n á sè é nínú omi eérú kí oje tó so fọ́nrán pọ̀ lè yọ, lẹ́yìn náà àwọn obìnrin á ràn án bí wọ́n ṣe ń ran òwú. Àwọ̀ tó ń jáde, àwọ̀ ilẹ̀ tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ yẹn, àwọ̀ ara rẹ̀ ni. Ẹnikẹ́ni kò rẹ ẹ́ láró. Iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ débi pé sányán gidi ti di ohun tó ṣọ̀wọ́n. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tà ní sányán lónìí jẹ́ òwú tàbí rayon tí wọ́n rẹ sí àwọ̀ yẹn. Nítorí náà, ẹni tó bá jogún ojúlówó rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá tàbí ìyá rẹ̀, ohun tí owó lè má rí rà mọ́ ló wà nínú àpótí rẹ̀.

Àlàárì, tí òun náà jẹ́ aṣọ òfì bíi sányán, ní ìtàn tirẹ̀. Sílíkì pupa tó wà nínú rẹ̀ láyé àtijọ́ gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá láti òkè òkun àti láti ìhà àríwá Áfíríkà kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ahunṣọ wa. Ẹtù ní tirẹ̀ jẹ́ òwú tí wọ́n rẹ sínú aró ẹlú lọ́pọ̀ ìgbà títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, tí wọ́n wá fi ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ sí i lára. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1970, òwú tó ń dán ti wọ inú òfì, àti rayon, àti polyester. Bí ẹ bá dé Ìsẹ́yìn lónìí, tí ẹ dúró níbi tí àwọn ọkùnrin ti jókòó lọ́wọ̀ọ̀wọ́ sídìí òfì, ẹ máa rí gbogbo òwú wọ̀nyí lábẹ́ àtíbàbà kan ṣoṣo.

Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ ẹnikẹ́ni tó bá ń ra òfì pé kó béèrè irú òwú tó wà nínú rẹ̀ kó tó kúrò níwájú ahunṣọ. Ẹni tó hun ún mọ̀ ọ́n. Bí ẹni tó hun ún kò bá sí nítòsí, ẹ yọ fọ́nrán kan ṣoṣo létí aṣọ, kí ẹ tanná sí i. Sílíkì tòótọ́ máa ń rùn bí irun tó jó, eérú rẹ̀ á sì rún wómúwómú lọ́wọ́. Òwú àti rayon máa ń rùn bí ìwé tó jó. Polyester kì í jó lásán, ṣe ló ń yọ́, tí á sì dì di kóró líle. Ohun tí fọ́nrán kan yẹn bá sọ ni ẹ máa fi tọ́jú aṣọ náà títí ayé rẹ̀.

Òórùn irun tó ń jó yẹn kì í ṣe àsọdùn. Irú èròjà tó wà nínú irun orí wa ló wà nínú sílíkì, ìyẹn protein. Ìtànṣán oòrùn tí ojú kò rí, èyí tó ń mú kí awọ ara wa dúdú sí i, máa ń já irú fọ́nrán bẹ́ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Aṣọ náà kì í ya lọ́jọ́ kan. Àwọ̀ rẹ̀ á kọ́kọ́ ṣá, á wá le, á sì máa dún gbọ̀jọ̀gbọ̀jọ̀ bí wọ́n bá ká a. Lẹ́yìn èyí ló máa là ní ojú ibi tí wọ́n ti ń ká a.

Àwọn tó ń tọ́jú aṣọ àtijọ́ nínú àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lágbàáyé ní ìlànà kan: kí ìmọ́lẹ̀ tó ń kan sílíkì àti aṣọ aláró má ṣe kọjá 50 lux. Lux ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó lójú nǹkan. Oòrùn ọ̀sán gangan máa ń tó nǹkan bí 100,000 lux. Ìlọ́po 2,000 nìyẹn. Bí ẹ bá sá sányán sí oòrùn fún wákàtí 1 péré, ìmọ́lẹ̀ tó bà á tó èyí tó máa bà á fún wákàtí 2,000 nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, bí ilé náà bá sì ń ṣí fún wákàtí 8 lójúmọ́, ọjọ́ 250 ni. Mi ò tíì ka ooru mọ́ ọn, mi ò sì tíì ka ìtànṣán tí ojú kò rí, èyí tí àwọn ilé náà máa ń sẹ́ kúrò. Ní ọ̀dọ̀ wa, láàárín February sí April, kí òjò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró gangan lé orí wa. Àkókò yẹn gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé máa ń kó gbogbo aṣọ àpótí síta pé kó lè gba oòrùn. Ọkàn rere ni wọ́n fi ń ṣe é, ó sì dùn mí pé ohun tí wọ́n fẹ́ tọ́jú ni wọ́n ń bà jẹ́ lọ́nà bẹ́ẹ̀.

Aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ wá ń kọ́? Lọ́dún 1958, ní ilé iṣẹ́ DuPont tó wà ní Waynesboro, ní ìpínlẹ̀ Virginia lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, Joseph Shivers rí ọ̀nà ṣe fọ́nrán kan tó lè fà dé ìlọ́po gígùn ara rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà kó sì tún padà. Spandex ni wọ́n ń pè é; Lycra ni orúkọ tí àwọn ènìyàn mọ̀ jù. Kí ó tó dé, rọ́bà ni wọ́n ń lò, rọ́bà sì máa ń tètè gbó, ó tún wúwo. Nínú aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ òde òní, náílọ́ọ̀nù tàbí polyester ló pọ̀ jù, spandex lè jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún. Ìdá kékeré yẹn ló gbé gbogbo ẹwà rẹ̀ ró. Bí ó bá ti kú, aṣọ náà á dẹ̀, ìdí rẹ̀ á rọ̀ jọ̀bọ̀, kò sí ọ̀dọ̀ télọ̀ tí a lè gbé e lọ.

Ẹnìkan lè sọ pé ta ni ń wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ ní Ṣakí. Àwọn ọmọ wa ń wọ̀ ọ́, ní òtẹ́ẹ̀lì tó ní omi ìlúwẹ̀ẹ́, àti nígbà tí wọ́n bá lọ sétí òkun ní Èkó. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Fọ́nrán kan náà ló wà nínú kọ́mú, nínú táìtì, nínú ìbọ̀sẹ̀, nínú jésì bọ́ọ̀lù, nínú jíǹsì tó ń fà. Kò sí ilé kan ní Òkè-Ògùn tí spandex kò sí lórí okùn ìsáṣọ rẹ̀ lónìí. Ìyá tó ń sọ pé kọ́mú ayé òde òní kì í tọ́jọ́, kó lọ wo ibi tó ń sá a sí.

Omi ìlúwẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ní chlorine nínú kí àrùn má baà wà níbẹ̀. Mọ̀lẹ́bí chlorine yìí ló wà nínú Hypo àti JIK tí a fi ń fọ aṣọ funfun. Ó ń jẹ spandex díẹ̀díẹ̀, kò sì dáwọ́ dúró nígbà tí ẹni náà bá jáde kúrò nínú omi: níwọ̀n ìgbà tí aṣọ náà bá ṣì tutù pẹ̀lú omi yẹn, jíjẹ ń lọ. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ fi omi mímọ́ ṣan aṣọ náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ẹ bá jáde, kí ẹ tó jẹun, kí ẹ tó jókòó sọ̀rọ̀. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: bí ẹ bá ti fi omi mímọ́ rẹ aṣọ náà kí ẹ tó wọnú omi ìlúwẹ̀ẹ́, omi mímọ́ ti gba àyè inú rẹ̀, omi chlorine tó máa wọ̀ ọ́ á dín kù.

Ní ti aró ẹlú, ọ̀rọ̀ Hypo kọjá díẹ̀díẹ̀. Ọmọ kan tó bá da Hypo sínú bàsíà tí ẹtù wà pé òun fẹ́ yọ àbàwọ́n ọbẹ̀ kúrò, kò ní pẹ́ tí aró tí aláró fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ rẹ yóò fi ṣá lọ níbi tí Hypo bá kàn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé èròjà inú Hypo tú aró náà sí nǹkan mìíràn tí kò ní àwọ̀ búlúù mọ́. Kò sí oògùn rẹ̀ àfi kí wọ́n tún aṣọ náà rẹ.

Fífọ̀ wá kù, mo sì mọ̀ pé ibí ni àríyànjiyàn máa pọ̀ sí. Ọṣẹ dúdú jẹ́ ọṣẹ rere, mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì gbà pé kò sí ohun tó ń mú kíjìpá mọ́ bíi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n eérú ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, agbára eérú yẹn ló sì ń yọ oje lára sányán nígbà tí wọ́n ń sè é. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló yẹ kí sílíkì rí irú agbára bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń fi fọ̀ ọ́ lọ́dọọdún, lẹ́yìn oje, ara fọ́nrán ló kàn. Ọṣẹ oníyẹ̀fun òde òní náà ní ewu tirẹ̀, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn ní èròjà tó ń jẹ ẹ̀jẹ̀ àti ẹyin kúrò lára aṣọ. Protein ni ẹ̀jẹ̀ àti ẹyin, protein sì ni sányán; ọṣẹ yẹn kò mọ ìyàtọ̀. Ṣámpù tí a fi ń fọ irun, díẹ̀ nínú omi tútù, ló bá sílíkì mu jù, ó sì bá aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ náà mu. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó, ẹ má lù ú mọ́ òkúta. Iyọ̀ tí àwọn kan máa ń dà sí omi pé kí àwọ̀ má baà yọ kò lè di aró tí kò dì láti inú ìkòkò aláró. Kí ẹ tó rẹ aṣọ àlàárì sómi, ẹ fi aṣọ funfun tó rin díẹ̀ tẹ igun rẹ̀ kan. Bí pupa bá bá aṣọ funfun náà lọ, ẹ má ṣe rẹ ẹ́ rárá.

Bí ẹ bá sì bi mí, ọ̀pọ̀ òfì kò nílò omi. Lẹ́yìn òde, ẹ yí inú rẹ̀ síta, kí ẹ fi kọ́ ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ títí òógùn fi gbẹ, kí ẹ tó ká a. Òógùn tí a ká mọ́ aṣọ ló ń ba aṣọ jẹ́ jù. Lọ́fínńdà, ara ni kí ẹ fín in sí kí ẹ tó wọ aṣọ, ẹ má fín in sí aṣọ.

Nígbà tó bá wá di pé a fọ̀ ọ́, ẹ má fún un. Ẹ tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì gbígbẹ sílẹ̀, ẹ tẹ́ aṣọ lé e, ẹ ká méjèèjì pọ̀, kí ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kí táwẹ́ẹ̀lì fa omi rẹ̀ mu. Aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ kò gbọ́dọ̀ fi okùn èjìká rẹ̀ rọ̀, torí ìwúwo omi á fà á gùn. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, tàbí kí ẹ fi àárín rẹ̀ kọ́ ọ̀pá tó nípọn. Òfì náà rí bẹ́ẹ̀: nígbà tó bá mu omi, ìwúwo rẹ̀ máa ń fa ojú ìrán tó so àwọn abala tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ pọ̀, okùn tín-ín-rín á sì dá ojú ìlà sí i. Abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló dára jù, níbi tí atẹ́gùn ti ń kọjá tí oòrùn kò dé. Ní àkókò ọyẹ́ ní Ṣakí, atẹ́gùn náà gbẹ débi pé ibòòji kò fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ ju oòrùn lọ. Eruku nìkan ni ká ṣọ́ra fún. Púpọ̀ nínú eruku ọyẹ́ ń bọ̀ láti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, níbi tí adágún ńlá kan ti gbẹ. Èèpo àwọn ohun abẹ̀mí tín-ín-tìn-ín inú omi náà ló di eruku, irú ohun tí dígí jẹ́ ni èèpo ọ̀hún sì jẹ́. Ẹ gbọn aṣọ náà pẹ̀lẹ́. Ẹ má fi ọwọ́ nu ún, torí bí ẹ bá ti ń nu ún ni ẹ ń gé e.

Àwọn ìyá wa ní èsì kan sí ọ̀rọ̀ ibòòji yìí, èsì náà sì lágbára. Eṣinṣin kan wà tí wọ́n ń pè ní tumbu, tó máa ń yé ẹyin sára aṣọ tútù. Ìdin rẹ̀ á gún awọ ara wọlé, á sì di kókó tó ń dun ọmọ lóru. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sá aṣọ sí oòrùn tí wọ́n sì ń fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́, pàápàá ìlédìí ọmọ jòjòló. Wọ́n tọ̀nà. Ìlédìí, àwọ̀tẹ́lẹ̀ tó jẹ́ òwú, aṣọ ibùsùn, ẹ sá wọn sí oòrùn kí ẹ sì lọ̀ wọ́n dáadáa. Òwú lè gbà á. Àwọn tí kò lè gba áyọ́ọ̀nù ni ìṣòro wà fún, nítorí eṣinṣin yìí fẹ́ràn ibòòji ìta gan-an, ó sì ń pọ̀ sí i nígbà òjò. Nítorí náà, ibòòji tí mò ń sọ kì í ṣe abẹ́ igi máńgòrò, kì í sì ṣe orí koríko tàbí iyanrìn. Inú ilé ni, tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ní nẹ́ẹ̀tì lójú fèrèsé. Bí ẹ bá fura pé eṣinṣin ti bà lé aṣọ tí kò ṣeé lọ̀, ẹ gbé e pamọ́ níbi gbígbẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Ìdin náà kò lè wà láàyè tó bẹ́ẹ̀ láìrí ara wọ̀.

Nípa àpótí, ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò ní fi falẹ̀. Káńfọ̀ funfun roboto tí a ń jù sáàárín aṣọ nítorí kòkòrò, naphthalene ni. Ní ilẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ ọmọ, ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, ni wọ́n bí pẹ̀lú àìtó èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD. Bí a bá fi aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú káńfọ̀ wé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í túká, ojú rẹ̀ á pọ́n rùsúrùsú, ìbàjẹ́ náà sì lè dé ọpọlọ. Àwọn ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ má fi káńfọ̀ sáàárín aṣọ tí ọmọ jòjòló máa fara kàn, ì báà jẹ́ òfì ìyá àgbà tó fẹ́ gbé e. Ewé dóńgóyárò tó gbẹ dáadáa, tí a dì sínú aṣọ funfun kí ó má baà kan òfì, ni kí ẹ lò dípò rẹ̀. Bí ojú ọmọ bá sì ti pọ́n, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà, ẹ má sá a sí oòrùn.

Ikán ló kù. Ẹ gbé àpótí kúrò nílẹ̀ àti lára ògiri. Ẹ má di òfì sínú ọ̀rá, torí ọ̀rinrin tó bá wà nínú rẹ̀ kò ní rí ọ̀nà jáde, aṣọ náà á sì bu. Nígbàkigbà tí ẹ bá ṣí i, ẹ yí ojú ibi tí ẹ ti ká a padà, pàápàá èyí tó ní òwú tó ń dán, nítorí òwú yẹn máa ń já ní ojú ìká. Aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ kò gbọ́dọ̀ sùn nínú báàgì ní tútù, ì báà ṣe òru kan.

Bí nǹkan bá sì ti bàjẹ́ ná, sányán sàn ju aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ lọ. Spandex tó bá kú ti kú. Òfì ní tirẹ̀ jẹ́ abala tẹ́ẹ́rẹ́ tí fífẹ̀ rẹ̀ kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 lọ, tí wọ́n rán etí mọ́ etí. A lè tú ìrán náà, ká yọ abala tó ṣá tàbí tó ya kúrò láìfọwọ́ kan ìyókù. Ẹ mú un lọ sí Ìsẹ́yìn, kí ẹ mú u dání lọ́sàn-án kí ahunṣọ lè rí àwọ̀ rẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì ṣí etí rẹ̀ tó ká sínú hàn án, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò tíì dé. Bí kò bá rí òwú tó bá a mu, ẹ ní kí télọ̀ tún àwọn abala náà tò, kí èyí tó ṣá bọ́ sí apá ìró tí ẹ máa ń ká sínú.